Ipa Èdè Yorùbá Nínú Kíkọ́ni ní Álíjẹ́brà àti Tirigonómẹ́tírì ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Àgbà

Àṣamọ̀
Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò bí olùkọ́ ṣe lè fi èdè Yorùbá la álíjẹ́brà àti tirigonómẹ́tírì yé akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà. A fi àpẹẹrẹ hàn pé ìṣirò wà nínú ìhun èdè náà fúnra rẹ̀, àti pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣaláìní, bí kò ṣe àǹfààní láti fi èdè tí ó gbọ́ ronú. A sì dábàá ohun tí ẹ̀ka Yorùbá lè ṣe sí i.

1.0 Ìfáárà
Òwe àtijọ́ kan tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther kọ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń fi ẹni tí ó ń ṣe bí ọlọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n tí kò mọ iye tí mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́, ṣe yẹ̀yẹ́. Ó hàn níbẹ̀ pé lójú àwọn baba ńlá wa, ìṣirò wà lára ọgbọ́n. Lónìí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ló gbà pé ìṣirò àti èdè Yorùbá kò bára tan rárá.

Nígbà kan tí a lọ bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wò lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ni, a jókòó sẹ́yìn kíláàsì ọlọ́dún kejì girama àgbà kan. Ìbéèrè ojú pátákó dá lórí ọkùnrin kan tí ó dúró lórí ilé gíga, tí ó ń wo ọkọ̀ kan nísàlẹ̀. Ọmọbìnrin kan ka fọ́múlà tánjẹ́ǹtì láìṣi ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n ó fi igun náà sí àárín ògiri ilé àti ibi tí ọkùnrin náà ń wò. A rọra bi í ní Yorùbá pé, "Kí ọkùnrin yìí tó wo ìsàlẹ̀, ibo ló kọjú sí?" Ó ní, "Iwájú ni, sà." Kí a tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, ó ti pa igun tí ó kọ́kọ́ yà rẹ́, ó sì ti yà á síbi tí ó yẹ. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú wo olùkọ́ rẹ̀ tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù, nítorí pé wọ́n máa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí ó bá sọ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ìbẹ̀rù yẹn ni ó bí iṣẹ́ yìí.

2.0 Ohun Tí Ìtàn Fi Kọ́ Wa
Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò àti àwọn iṣẹ́ yòókù. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́tọ̀. Ìròyìn rẹ̀, tí ó jáde ní ìwé ní 1989, fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ṣùgbọ́n alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ètò náà mọ.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1984, tí èkejì sì tẹ̀ lé e ní 1990, ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó dá lé. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, kò kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìjọba sì tún fagi lé e ní 2025. Nítorí náà, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọwọ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kù sí.

3.0 Álíjẹ́brà Nínú Òǹkà Yorùbá
A máa ń kọ́ni pé "lé" ń tọ́ka sí àròpọ̀, "dín" sì ń tọ́ka sí ìyọkúrò, a kì í sì sábà tẹ̀ síwájú. Ẹ jẹ́ kí a wo àádọ́ta (50), àádọ́rin (70), àádọ́rùn-ún (90), àádọ́fà (110) àti àádóje (130). Àádọ́ta ni ogún mẹ́ta dín ẹ̀wá. Àádọ́rin ni ogún mẹ́rin dín ẹ̀wá. Ogún àti ẹ̀wá kò yí padà. Ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà àti èje ni ó ń yí padà. Bí a bá fi lẹ́tà n dúró fún ohun tí ó ń yí padà, gbogbo ìdílé náà di:

20n − 10

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí èyí ti mọ iṣẹ́ tí lẹ́tà ń ṣe nínú álíjẹ́brà: àyè ni, tí nọ́ńbà ń wọ̀ sí. Kò ní máa rò pé n dúró fún ọsàn tàbí bọ́ọ̀lù.

Bákan náà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (500), ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin (700) àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún (900) jẹ́ 200n − 100. Kí olùkọ́ béèrè ohun tí ó so ìdílé méjèèjì pọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé 200n − 100 = 10(20n − 10). Bí a ṣe ń fa ohun tí ó jọ wà nínú méjèèjì síta àkámọ́ nìyẹn.

A lè tẹ̀ síwájú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ to ìdílé àkọ́kọ́ láti ibi tí n ti jẹ́ 1: 10, 30, 50, 70, 90. Ẹ̀wá àti ọgbọ̀n ní orúkọ tiwọn, ṣùgbọ́n iye wọn bá ìlànà náà mu. Bí ó bá ń ro wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò rí 10, 40, 90, 160, 250. Ìyẹn ni pé àròpọ̀ n àkọ́kọ́ jẹ́ 10n². Kí ni ìdí? Nọ́ńbà tí ó kàn ni 20(n + 1) − 10, tí í ṣe 20n + 10. Bí a bá fi í kún àròpọ̀ àtẹ̀yìnwá:

10n² + 20n + 10 = 10(n + 1)²

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó há (n + 1)² = n² + 2n + 1 sórí láìmọ ibi tí 2n ti wá. Níhìn-ín, òǹkà baba wọn ni ó fi hàn wọ́n. A sì gbọdọ̀ sọ òótọ́: ọ̀pọ̀ wọn kò lè fi Yorùbá ka nǹkan kọjá àádọ́ta mọ́. Ẹ̀kọ́ yìí yóò tún òǹkà náà ṣe bí ó ti ń ṣí ojú wọn sí álíjẹ́brà.

4.0 Tirigonómẹ́tírì: Ta Ló Kọjú sí Ta?
Fún ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kan jẹ́ 90°, a dábàá ẹ̀gbẹ́ akọjúsígun, ẹ̀gbẹ́ afaratìgun àti ẹ̀gbẹ́ agùnjù. Àǹfààní orúkọ wọ̀nyí ni pé wọ́n ń fi ìbátan hàn. Bí ẹnìkan ṣe lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n Táyé kí ó sì jẹ́ àbúrò Àjọkẹ́, bẹ́ẹ̀ ni akọjúsígun yóò di afaratìgun bí a bá mú igun kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá bi ara rẹ̀ pé "ta ló kọjú sí ta?" kò ní ṣi sáìnì mú fún kosáìnì.

Kí a mú wọn jáde lọ sídìí ọ̀pẹ. Kí wọ́n so òwú tí òkúta wà nídìí rẹ̀ mọ́ àárín etí títẹ́ pùròtírátọ̀, kí wọ́n sì tọ ojú lé etí náà wo orí ọ̀pẹ. Bí ènìyàn bá ń wo iwájú gan-an, òwú yóò wà lórí 90°. Bí ó bá gbójú sókè tí òwú sì wá sórí 55°, igun ìgbójúsókè jẹ́ 90 − 55, márùndínlógójì. Bí ó bá dúró ní mítà 20 sí ìdí ọ̀pẹ, 20 × tan 35° fún un ní nǹkan bí mítà 14. Níhìn-ín ni olùkọ́ yóò béèrè pé, "Ṣé ilẹ̀ ni ojú rẹ wà?" Bí ojú rẹ̀ bá ga ju ilẹ̀ lọ ní mítà 1.5, gíga ọ̀pẹ náà tó mítà 15.5.

Kí a má fi 55 tí òwú tọ́ka sí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Igun méjì tí ó para pọ̀ di 90° ni 35 àti 55. Sáìnì ọ̀kan ni kosáìnì èkejì. Sáìnì 35° àti kosáìnì 55° jẹ́ 0.5736. Akẹ́kọ̀ọ́ ti di òfin náà mú lọ́wọ́ kí ó tó kà á nínú ìwé.

5.0 Àtakò àti Ìmọ̀ràn
Àwọn kan yóò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC àti NECO fi ń ṣe ìdánwò ìṣirò. Òótọ́ ni. Kì í ṣe pé kí a lé Gẹ̀ẹ́sì jáde ni a ń sọ. Kí a fi Yorùbá ronú títí ọ̀rọ̀ yóò fi yé wọn, kí a wá fi ìparí ẹ̀kọ́ tún ohun kan náà sọ àti kọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tí àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá bá wà, olùkọ́ gbọdọ̀ rí i pé òye kò fi wọ́n sílẹ̀.

A rọ ẹ̀yin olùkọ́ ẹ̀ka Yorùbá kí ẹ má ṣe dá jókòó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ẹ pe àwọn ará ẹ̀ka ìṣirò, kí ẹ jọ dán ọ̀rọ̀ náà wò nínú kíláàsì. Ẹ̀yin olùkọ́ lọ́la, ẹ máa kọ gbólóhùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín fi ń ṣàlàyé ìṣirò fún ara wọn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni èdè-ìperí tí yóò pẹ́ ti ń wá.

6.0 Ìkádìí
A ti fi hàn pé òǹkà Yorùbá gbé álíjẹ́brà sínú, àti pé ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ bí "kọjú sí" àti "gbójú sókè" lè tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà nínú tirigonómẹ́tírì. Ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ṣaláìní ọpọlọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ní èdè rẹ̀ ni ó nílò, àti ìdánilójú pé kò ní san owó ìtanràn lórí ìdáhùn rẹ̀.