Ọkọ̀ Kékeré Tó Ń Jíṣẹ́ Lójú Òkun

Òkè ló yí wa ká ní Ìlúpéjú-Èkìtì, a ò gbọ́ ìró òkun rárá. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kàn wá.

Kí ni ọkọ̀ ajíṣẹ́? Kí wáyà tó dé, àwọn ọkọ̀ ogun ńláńlá máa ń ní ọkọ̀ kékeré tó yára, tó ń gbé lẹ́tà kiri. Ìjà kọ́ ni olórí iṣẹ́ rẹ̀, eré ni. Àwọn Faransé ń pè é ní aviso. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun ní Trafalgar ní 21 October 1805, Pickle, tó wà lára àwọn ọkọ̀ wọn tó kéré jù, ni wọ́n fi ìròyìn náà rán. Ó gúnlẹ̀ sí Falmouth ní 4 November.

Èkó ńkọ́? Yanrìn kó jọ sábẹ́ omi lẹ́nu ọ̀nà tí òkun gbà wọ ọ̀sà, ibẹ̀ ò jìn tó fún ọkọ̀ ńlá. Ìta lójú òkun ni wọ́n ń dúró sí. Ọkọ̀ kékeré ló ń la ìgbì kọjá lọ gba lẹ́tà, ẹrù àti èèyàn. Ìgbì máa ń dojú wọn dé, ẹ̀mí sì ń bá a lọ. Ọdún 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta ṣe ògiri sínú òkun níbẹ̀. Nígbà tó fi di 1914, ọkọ̀ ńlá ti ń wọlé.

Ibi tó ti kàn wá nìyí: nígbà ogun Kírìjì, ọ̀nà yẹn ni lẹ́tà ìjọba láàárín Èkó àti London ń gbà. Láti Èkó wá sí ibùdó ogun, èèyàn ló ń gbé e. Ní 1886, Gómìnà Moloney rán Samuel Johnson àti Charles Phillips lọ bá àwọn Èkìtì àti Ìbàdàn sọ̀rọ̀ àlàáfíà, wọ́n sì jíṣẹ́ náà. Ọdún yẹn gan-an ni wáyà abẹ́ òkun dé Èkó.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé bó ti wù kí ọkọ̀ ńlá yára tó, bí ọkọ̀ kékeré ò bá dé èbúté, lẹ́tà ò tíì dé. Bí olùkọ́ bá fi ìwé rán ẹ sí òbí ẹ, ìwọ ni ọkọ̀ kékeré yẹn o. Má jẹ̀ẹ́ kó rì sínú báàgì!

Ìbéèrè:
1. Kí ló dé tí ọkọ̀ ńlá ò lè wọ Èkó nígbà náà?
2. Àwọn wo ni Moloney rán níṣẹ́ àlàáfíà?