Ẹ Má Tètè Pè É Ní Agbéraga

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ń ka Purple Hibiscus, ìwé ìtàn-àròsọ tí Chimamanda Ngozi Adichie gbé jáde ní 2003, ẹ rọra wo Kambili, ọmọbìnrin tó ń sọ ìtàn náà, dáadáa. Ọmọ ọdún 15 ni, ní Enugu. Eugene bàbá rẹ̀, ọlọ́rẹ àánú lójú ayé, ló máa ń kọ ètò ojúmọ́ rẹ̀ sínú ìwé: ìgbà ìkàwé, ìgbà àdúrà, ìgbà oorun. Bí wọ́n bá ti jáde ilé-ìwé, eré ló ń sá lọ bá dírẹ́bà, kí bàbá má baà bínú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó ń fẹlá. Fáàrí wo? Ẹ̀rù ni! Nígbà tó gba ipò kejì ní kíláàsì, bàbá ní kó wo dígí, kó ka orí tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó fẹ́ràn bàbá náà dé góńgó. Àfìgbà tó dé Nsukka, lọ́dọ̀ Aunty Ifeoma, arábìnrin bàbá rẹ̀, ni ẹ̀rín tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì yín bíi Kambili, ẹ jókòó tì í. Bí ilé tìrẹ náà bá rí bíi ti Kambili, wá ẹbí kan tó o lè fọ̀rọ̀ lọ̀, kó o sì sọ ọ́ tán.