Ẹ Ra Bàtà Kí Ẹ Tó Ra Súùtù

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ àbúrò mi wá bá mi nílé ní Ìbàdàn, báàgì méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ohun tí mo fẹ́ wọ̀ lọ íńtáfíù, bóyá ó bára mu." Súùtù aláwọ̀ aró ló kọ́kọ́ yọ, aṣọ gidi tí télọ̀ tó mọṣẹ́ rán. Mo yìn ín. Ó wá ṣí báàgì kejì. Bàtà tó ti ibẹ̀ jáde pọ́n bí ọsàn, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó bí ẹnu lékeléke, irin aláwọ̀ wúrà sì jókòó sórí rẹ̀.

Mo ní, "Èló ló kù lọ́wọ́ rẹ nígbà tí o ra èyí?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní lẹ́yìn tí òun sanwó télọ̀ tán, ohun tó ṣẹ́kù lòun fi ra bàtà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Súùtù lẹ máa ń kó owó lé lórí, ẹ ó wá fi ṣẹ́ńjì ra bàtà, bẹ́ẹ̀ súùtù ò níí rìn wọlé fúnra rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó dín díẹ̀ ni mo fi jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń wáṣẹ́ lẹ́nu wò l'Ékòó. Mi ò rántí ẹnì kan tí a gbà síṣẹ́ nítorí bàtà. Ṣùgbọ́n ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga, ẹni tó ń bọ̀ kò tíì sọ̀rọ̀. Ìrìn rẹ̀ nìkan la ní láti wò. Bàtà tó dára fún ọjọ́ náà ni èyí tí a wò lẹ́ẹ̀kan tí a sì gbàgbé, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ pàápàá gbàgbé.

Èmi ò lè gbàgbé tèmi. Nígbà tí mo ń wá iṣẹ́ àkọ́kọ́, bàtà ọ̀rẹ́ mi ni mo yá wọ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ kan ní Marina. Nọ́ńbà 43 ni ẹsẹ̀ mi, 41 ni bàtà náà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta sẹ̀ǹtímítà ni nọ́ńbà kan fi ń ju èkejì lọ, mo sì rò pé ìyẹn ò tó nǹkan. Kí n tó dé àjà kẹta, ọmọ ìka mi ti ń ké. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀ bí ẹni mowó. Gbólóhùn méjì péré ni mo fi dá wọn lóhùn, kí n ṣáà lè tètè jáde lọ bọ́ bàtà. Wọn ò pè mí mọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti àwọ̀, nítorí ibẹ̀ ni iyàn pọ̀ sí. Súùtù dúdú kò lọ́kọ méjì: bàtà dúdú ni. Aláwọ̀ aró gba dúdú, ó sì gba búráùn tó ṣú bíi kọfí, tàbí àwọ̀ obì pupa tó ti gbó. Aláwọ̀ eérú ńkọ́? Bí eérú náà bá ṣú, dúdú. Bó bá mọ́lẹ̀, búráùn lè bá a jáde. Ẹni tó bá ní súùtù búráùn mọ ohun tó ń ṣe, mi ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí agbára rẹ̀ ká bàtà kan ṣoṣo, dúdú ni kó rà. Bẹ́líìtì ń tẹ̀ lé bàtà, ìbọ̀sẹ̀ ń tẹ̀ lé ṣòkòtò, kí ó sì ga dé àárín ojúgun, kí ara má baà yọ síta nígbà tí ẹ bá jókòó. Ìbọ̀sẹ̀ funfun, ẹ fi í sílẹ̀ ní àgọ́ àgùnbánirọ̀.

Bí ẹnì kan bá ń rò pé àgbà ń ṣàsọdùn, kó gbọ́ ti London. Lọ́dún 2016, Social Mobility Commission, ìgbìmọ̀ tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n rí i pé láàárín àwọn báńkì ìdókòwò ìlú náà, àwọn ọ̀gá kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí bàtà búráùn lábẹ́ súùtù, wọ́n ti pinnu pé ẹni yẹn kì í ṣe ara wọn. Ọmọ tálákà tó mọ̀wé ni ọ̀rọ̀ náà ń bá, nítorí kò sẹ́ni tó sọ òfin yìí fún un nílé. Ìrẹ́jẹ ni, mo sì kórìíra rẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ wa tó bá ń wá iṣẹ́ báńkì níbẹ̀, dúdú ni kó wọ̀. Bó bá di ọ̀gá lọ́la, kó yí òfin padà. Àwa náà ṣáà jogún irú òfin bẹ́ẹ̀: agbádá tó gbayì jù lọ, ọjọ́ Ẹtì nìkan ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì Èkó ń fún un láyè.

Olókùn ni kí bàtà yín jẹ́. Oríṣi méjì ni ọlọ́jà á kó síwájú yín, òun gan-an sì lè má mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ wo awọ méjèèjì tí ihò okùn wà lára wọn. Bí wọ́n bá wọ abẹ́ awọ iwájú, tí wọ́n pàdé bí ètè ẹni tó panu mọ́, Oxford nìyẹn. Bí wọ́n bá gun orí awọ iwájú, tí wọ́n ṣí bí ìlẹ̀kùn aláwẹ́ méjì, Derby ni. Àwọn tó mọ bàtà ka Oxford sí ti ẹni iyì jù. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tèmi fẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga. Derby ni mo wọ̀ títí mo fi fẹ̀yìntì, kò sẹ́ni tó lé mi jáde. Èyí tí wọ́n lu ihò wínníwínní sí lára kò burú, àmọ́ bí ihò yẹn ṣe ń pọ̀ sí i ni bàtà ń kúrò ní ọ́fíìsì lọ sóde ijó. Èyí tó ń kọ mànà bí dígí, ẹ wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ yín.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ ra á, nígbà tí ooru àti ìdúró ti mú ẹsẹ̀ wú díẹ̀. Èyí tó tóbi nínú ẹsẹ̀ yín méjèèjì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kí àyè tó ìbú àtàǹpàkò sì kù níwájú. Kò pọn dandan kó ti òkè òkun wá. Mo ti rí èyí tí wọ́n rán ní Mushin àti ní Ába tó lo ọdún mẹ́wàá, mo sì ti rí òkìríkà tó ju tuntun lọ. Ẹ ṣáà yí òkìríkà dojú bolẹ̀, kí ẹ wo gìgísẹ̀ rẹ̀: bó bá ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló ti kọ́ ọ ní ìrìn.

Tuntun náà ní tirẹ̀. Ọmọkùnrin kan wọlé sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kan, bàtà dúdú tó ń tàn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe ń bọ̀, nǹkan dúdú ń já sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ìgbẹ́ ewúrẹ́. Nígbà tó fi máa jókòó, ìsàlẹ̀ bàtà ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi í ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ó wá tọ́jú rẹ̀ sínú páálí fún ọdún mẹ́rin, ó ń dúró de ọjọ́ ńlá. Ọ̀pọ̀ bàtà tó fúyẹ́, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bíi fóòmù, polyurethane ni wọ́n fi ṣe ìsàlẹ̀ náà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ooru ilẹ̀ wa ń bá a jẹ ẹ́, páálí ò sì gbà á sílẹ̀. Òkè rẹ̀ á máa dán, ìsàlẹ̀ á ti rà. Ọmọ náà kò mira. Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè, a sì gbà á. Ṣùgbọ́n "Bàtà-Jábọ́" ni wọ́n ń pè é títí mo fi kúrò níbẹ̀, nígbà tó ti di mánijà pàápàá.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ẹ ra bàtà ṣáájú. Ẹ máa wọ̀ ọ́ rìn lálaalẹ́, kí awọ mọ ẹsẹ̀ yín, kí ohun tó máa já tètè já nílé. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ awọ, á máa yọ̀ lórí táìsì. Aránbàtà lè bá yín lẹ rọ́bà pẹlẹbẹ mọ́ ọn. Alẹ́ tó ṣáájú ni kí ẹ kùn ún, kí pọ́líìṣì má baà ra ṣòkòtò yín láàárọ̀. Bó bá jẹ́ dáńfó lẹ máa wọ̀ nínú òjò Èkó, sílípáàsì ni kó wà lẹ́sẹ̀, kí bàtà wà nínú ọ̀rá. Ẹ yà síbì kan pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mégáàdì.

Ìyàwó mi ní mo ti gbàgbé àwọn ọmọbìnrin. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé bàtà tó bo ọmọ ìka ni, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ má ju ìka mẹ́ta lọ, nítorí ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè lè bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, àtẹ̀gùn lẹ ó sì gùn.

Ọlọ́jà kọ̀, kò gba bàtà ọsàn yẹn padà. Èmi àti ọmọ àbúrò mi jọ lọ sí Dùgbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a ra Derby dúdú kan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni íńtáfíù rẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó wà ní pálọ̀, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, ìyàwó mi sì ń pariwo pé kó má fi bàtà ha táìsì òun.