Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àyẹ̀wò Ọkọ̀ Bọ̀gìnnì Àlòkù ní Ẹnubodè Yewa

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí olùrà, olùtà àti mẹkáníìkì ní agbègbè Yewa ń lò, láti Ayétòrò àti Ìlaròó títí dé Ìdí-Ìrókò, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ bọ̀gìnnì tí ẹlòmíràn ti lò rí yẹ ní rírà. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi tọ́ sí ìwádìí kò ṣòro láti rí. Olùrà tí kò ní orúkọ fún àbùkù kan kò lè béèrè nípa rẹ̀, owó tí olùkọ́ tàbí akọ̀wé sì fi ọdún púpọ̀ tù jọ lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣòfò ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti sọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń bi ara rẹ̀ kan ọgbà mẹkáníìkì pẹ̀lú: èwo ni kí a yá, èwo ni kí a ṣẹ̀dá, èwo ni ó sì ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn tẹ́lẹ̀?

Àlòkù, tòkunbọ̀ àti bọ̀gìnnì

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ fún ọkọ̀ kékeré tí kì í ṣe ti èrò. Ohun tí ó ń yọ́ lọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́ sì ti wà nínú orúkọ náà, nítorí ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń pariwo ti sọ orúkọ ara rẹ̀ nù. Bọ̀gìnnì ni ayọ́kẹ́lẹ́ olówó ńlá. Àwọn àgbàlagbà ṣì ń rántí mẹ̀sí ọlọ́yẹ́, èyí tí í ṣe Mercedes tí ó ní ẹ̀rọ amútutù. Ọyẹ́ tí ń fẹ́ láti àríwá ni wọ́n fi ṣe àpèjúwe afẹ́fẹ́ tútù inú rẹ̀. Orúkọ tí ó dára ni, ó sì ń kọ́ olùrà láti béèrè bóyá ọyẹ́ náà ṣì ń fẹ́.

Tòkunbọ̀ yàtọ̀. Orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wá sílé ni. Nígbà tí a gbé e fún ọkọ̀, ọ̀nà tí ọkọ̀ náà gbà wá ni ó ń sọ, kì í ṣe ìlera rẹ̀. Olùtà tí ó bá ní "Tòkunbọ̀ ni" ti dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í.

Ó sàn kí ènìyàn tún ronú sí àlòkù. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti àjẹkù, àfọ́kù àti àwókù. "Kù" tí ó parí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ pé nǹkan kan ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìṣe tí ó ṣáájú. Gbogbo àyẹ̀wò tí olùrà ń ṣe kò ju wíwá iye tí ó kù lọ.

Ẹ̀yà ọkọ̀ àti àbùkù ọkọ̀

Mẹkáníìkì ní Ìlaròó ń pe ẹ̀yà ọkọ̀ ní gíà, bírékì, rédíétọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì. Bí a bá ti Ìdí-Ìrókò sọdá sí Ìgòlò ní ilẹ̀ Benin, tí a sì dé Pọ́bẹ̀ tàbí Kétu, Yorùbá ni a ó tún gbọ́, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n ti yá orúkọ irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Olùrà tí ó lọ wo ọkọ̀ ní ìhà kejì lè gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ kí ó má sì mọ apá ibi tí olùtà ń sọ. Níhìn-ín ni ìjánu ti fi hàn pé òun ju bírékì lọ: okùn tí a fi ń kó ẹṣin níjàánu ni, ìhà méjèèjì ẹnubodè ni ó sì ti yé ènìyàn.

Síbẹ̀, kò pọn dandan kí a wá Yorùbá fún gbogbo ìdè àti gbogbo wáyà. Orúkọ ẹ̀yà lè jẹ́ àyálò láìsí ìpalára. Orúkọ àbùkù àti ti àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni olùrà kò lè ṣe aláìní, èyí sì ni àwọn mẹkáníìkì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi Yorùbá sọ nígbà gbogbo. Gíà "ń yọ̀", ọkọ̀ "ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan", ẹ́ńjìnnì "ń jẹ ọ́ìlì". Ibẹ̀ ni ó yẹ kí onímọ̀ èdè-ìperí ti bẹ̀rẹ̀.

Èéfín ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù lọ. Funfun, pupa àti dúdú ni ìpìlẹ̀ àwọ̀ ní èdè Yorùbá, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń pe ohun tí ó ní àwọ̀ aró ní dúdú. Nínú iṣẹ́ aṣọ, ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ní ẹnu sílẹ́ńsà, ó lè gba owó lọ́wọ́ ènìyàn. Èéfín dúdú ń sọ pé bẹntiróòlù tí ń wọ ẹ́ńjìnnì pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, àtúnṣe rẹ̀ sì lè má wọ́n. Èéfín tí ó ní àwọ̀ aró ń sọ pé ọ́ìlì ń jó pẹ̀lú bẹntiróòlù nítorí pé inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ, èyí sì lè gba títú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀ pátápátá. Bí ìwé ìkọ́ni bá pe méjèèjì ní dúdú, ó ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Èéfín aláró ni ó yẹ kí a máa pe èkejì. Èéfín funfun náà nílò ìyàtọ̀. Èyí tí ó jáde díẹ̀ ní òwúrọ̀ tútù, tí ó sì pòórá bí ẹ́ńjìnnì ti ń gbóná, oruku omi lásán ni. A lè pè é ní èéfín ìrì. Èyí tí kò dáwọ́ dúró, tí òórùn dídùn kan sì ń bá a jáde, omi rédíétọ̀ ni ó ń jó, àfàìmọ̀ ni gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì kò ti fọ́. Kí olùrà ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí: bí ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ọn bá rí bí ògì tí a po mọ́ mílíìkì, omi àti ọ́ìlì lè ti pàdé nínú ẹ́ńjìnnì.

Gbogbo èyí kò ní í hàn bí olùtà bá ti tan ẹ́ńjìnnì kí olùrà tó dé. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe fi máa ń gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó kí ẹnikẹ́ni. Bí ó bá gbóná, wọn a ní àwọn yóò padà wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Amumi àti àfọ́tò

Ìjì Katrina ní Oṣù Kẹjọ 2005, Sandy ní Oṣù Kẹwàá 2012 àti Harvey ní Oṣù Kẹjọ 2017 fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ sínú omi ní Amẹ́ríkà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń di títà fún àwọn tí ń kó ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Ọkọ̀ tí ó ti mu omi kì í ṣe àlòkù lásán. Ó tọ́ kí ó ní orúkọ tirẹ̀, amumi sì bá ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mu. A ń mọ̀ ọ́n bí a bá gbé kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè tí a rí ẹrẹ̀ tàbí tí a gbọ́ òórùn ebu, bí irin ìdí àga bá ti dípẹtà nígbà tí ara ọkọ̀ ń dán, tàbí bí àlà omi bá wà nínú gíláàsì iná iwájú. Kí a fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán, nítorí pé apá rẹ̀ tí ó máa ń wà nínú kì í sábà rí fífọ̀. Lọ́fínńdà tí ó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ yẹ kí ó ba olùrà lẹ́rù. Bọ̀gìnnì ni amumi ń ṣe ní jàǹbá jù, nítorí kọ̀ǹpútà pọ̀ lára rẹ̀, tí òmíràn sì wà lábẹ́ àga àti kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí omi ti ń kọ́kọ́ dé.

Àfọ́tò ni ọkọ̀ tí ó ti fọ́ rí tí páńẹ́bítà sì tún tò pọ̀. Àlàfo àárín ilẹ̀kùn tí kò dọ́gba àti ọ̀dà tí oòrùn fi ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn ni àmì rẹ̀. Òòfà kékeré tún ń ṣiṣẹ́: kì í lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n fi pọ́tì dí. Ṣùgbọ́n bọ̀gìnnì mìíràn wà tí a fi alumíníọ̀mù ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, òòfà kì í sì í lẹ̀ mọ́ irú èyí bó ti wù kí ó pé tó.

Oríṣi àfọ́tò kan tọ́ sí àkíyèsí fún àwọn tí ẹbí wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí ọkọ̀ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nàìjíríà kúrò ní wíwakọ̀ lápá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún ní 2 Oṣù Kẹrin 1972, nítorí náà ẹni tí ó bá mú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá ní láti gé dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kí ó sì gbé ìdarí sí òsì. Bí ohun tí a fi ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ṣì wà ní ìhà tí kò bá ìdarí mu, tàbí tí ihò tí wọ́n dí bá wà lára irin tí ó ya ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ awakọ̀, ayídarí ni ọkọ̀ náà.

Ohun tí ọkọ̀ ń sọ nípa ara rẹ̀

Láti ọkọ̀ ọdún 1981 ni Amẹ́ríkà ti mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ alámì 17 ní dandan. Lẹ́tà I, O àti Q kò sí nínú rẹ̀, kí wọ́n má baà dàpọ̀ mọ́ 1 àti 0. Àmì àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí a ti tò ó: J fún Japan, W fún Jámánì, 1, 4 àti 5 fún Amẹ́ríkà. Ìdí nìyí tí 4 fi bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ọ̀pọ̀ Toyota Camry. Lára ọkọ̀ tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ni ọdún rẹ̀: Y fún 2000, 1 sí 9 fún 2001 sí 2009, A fún 2010. Èyí tí ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú gbọ́dọ̀ bá ti òpó ilẹ̀kùn àti ti ara ṣáàsí mu.

Òǹkà-ìrìn kò yẹ ní gbígbàgbọ́ bí rọ́bà ìtẹ̀sẹ̀ bá ti jẹ tán tí ó sì ń ka nǹkan kékeré. Máìlì ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà fi ń kà, 90,000 máìlì sì sún mọ́ 145,000 kìlómítà. Táyà ní àmì mẹ́rin tirẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Ọ̀pọ̀ Mercedes S-Class tí a ṣe láàárín 1998 àti 2005 ń dúró lórí afẹ́fẹ́ dípò sípíríìngì irin. Afẹ́fẹ́ agbọ́kọ̀ró ni a lè pè é. Bí ó bá ń jò, ọkọ̀ tí ó ga ní alẹ́ yóò ti lúlẹ̀ ní òwúrọ̀. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá fi ń kó sìmẹ́ǹtì jáde ní Àríwá Yewa, láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Dangote ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 2012, kò ní ojú àánú sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Iná àmì ẹ́ńjìnnì àti ti àpò afẹ́fẹ́ aláàbò gbọ́dọ̀ tàn nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n sì kú lẹ́yìn náà. Èyí tí kò tàn rárá burú tó èyí tí kò kú, nítorí ẹnìkan lè ti yọ gílóòbù rẹ̀. Ti àpò afẹ́fẹ́ ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Láti 2008 ni wọ́n ti ń pe ọkọ̀ padà nítorí àpò tí Takata ṣe, Honda ni ó ṣáájú, Toyota, BMW àti Mercedes sì wà lára àwọn tí ó tẹ̀lé e. Ammóníọ̀mù náítíréètì inú rẹ̀ ń bàjẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin, bí ó bá sì bú, ó lè ta àfọ́kù irin lu awakọ̀. Ojú ọjọ́ Yewa kún fún ooru àti ọ̀rinrin. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni a fi ń mọ̀ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò ní Amẹ́ríkà; bí wọn kò bá tí ì ṣe é, ipè-padà ṣì wà lórí ọkọ̀ náà, ọ̀rọ̀ yìí sì yẹ kí ó wọ ìwé atúmọ̀.

Ìwé ọkọ̀ ni ó kù. "Ìwé kọ́sítọ́mù wà" ni olùtà máa ń wí. Láti 1 Oṣù Kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé. Ẹnubodè Ìdí-Ìrókò tí wọ́n tì ní Oṣù Kẹjọ 2019 tún ṣí ní Oṣù Kẹrin 2022, ṣùgbọ́n ṣíṣí náà kò mú òfin ti ọkọ̀ kúrò. Ọkọ̀ tí ó gba ibẹ̀ wọlé lẹ́yìn òfin náà kò lè ní ojúlówó ìwé, àwọn aṣọ́bodè sì lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á láìmọ̀. Nítorí náà ìwé ẹnubodè kò tó ní ìperí. Ìwé èbúté, tí ó dárúkọ Àpápá tàbí èbúté mìíràn tí ọkọ̀ ojú omi ti já ẹrù, tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà gan-an sì wà nínú rẹ̀, ni ó yẹ kí olùrà fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè.