Bí Èkìtì Ṣe Di Ìpínlẹ̀

Lónìí a óò kà nípa agbára ìwé.

Ní ọdún 1886, àwọn ọba àti olóógun fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti parí ogun Kírìjì. Ọọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn àti Ajerò Ìjerò wà nínú wọn. Àmì àgbélébùú ni wọ́n fà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn. Ìwé náà sọ pé Ìbàdàn yóò dá dúró, Èkìtìparapọ̀ náà yóò dá dúró. Ẹnì kan kò ní jẹ gàba lórí ẹnì kejì.

Ní ọdún 1976, ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Èkìtì wà nínú rẹ̀, Àkúrẹ́ sì ni olú-ìlú. Bí ẹnìkan l'Ádó bá ní ọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì ńlá, Àkúrẹ́ ni yóò wọkọ̀ lọ. Àwọn ènìyàn ní, "Àwa náà ò ha tó dá dúró bí?"

Wọn kò yọ àdá. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, Olóyè Deji Fasuan sì ni alága. Wọ́n gbé ẹ̀bẹ̀ náà tọ Ọ̀gágun Sani Abacha lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù October, ọdún 1996, Èkìtì di ìpínlẹ̀. Adó-Èkìtì di olú-ìlú rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn Wampanoag ti wà lórí ilẹ̀ wọn kí òyìnbó tó dé. Síbẹ̀ àwọn ti Mashpee fi ìwé bẹ ìjọba fún ohun tí ó lé ní 30 ọdún, kí ìjọba tó gbà ní ọdún 2007 pé ẹ̀yà tí ó ní ìjọba tirẹ̀ ni wọ́n.

Ìpínlẹ̀ nìkan kì í sọ igbó di oko. Iṣẹ́ ṣì kù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu a máa fò lọ. Èyí tí a kọ sílẹ̀ ni ó ń dúró.

Ìbéèrè
1. Àmì wo ni àwọn ọba fà ní 1886?
2. Ta ni alága ìgbìmọ̀ náà?
3. Kí ni àdúgbò yín ṣe aláìní? Ẹ kọ ọ́ ní ìlà mẹ́ta, kí ẹ sì fi ọwọ́ sí i. Ẹ má ṣe fa àgbélébùú o. Ẹ kọ orúkọ yín.