Ó Ha Yẹ Kí A Bu Ọlá fún Ọ̀gágun tí Ó Jà fún Ìmúnilẹ́rú?

Ẹ̀kọ́ fún àwọn kíláàsì àti àwọn ẹgbẹ́ tí ń ka Bíbélì. Ẹ kọ́kọ́ ka Jóṣúà 4:1–9, Àwọn Ọba Kejì 18:1–6, Mátíù 23:29–33, Róòmù 13:7.



Ní oṣù Kẹfà ọdún 1864, ohun méjì ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé ìjọ wa tí ó yẹ kí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí a sì wò wọ́n dáadáa. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, lórí òkè kan tí à ń pè ní Pine Mountain ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà, ọta ìbọn ńlá pa Leonidas Polk. Bíṣọ́ọ̀bù Louisiana ni Polk, ẹni tí a ti gbé ọwọ́ lé lórí láti ọdún 1838. Ọ̀gágun sì ni pẹ̀lú. Ó ti ní oko ìrèké ńlá rí, àwọn ẹrú tí ó ń sìn ín níbẹ̀ sì ju igba lọ. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù kan náà, a gbé ọwọ́ lé orí Samuel Ajayi Crowther ní Kàtídírà Canterbury, a sì fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù: Àjàyí ọmọ Òṣóògùn, ẹni tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí a tà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Bíṣọ́ọ̀bù kan kú níbi tí ó ti ń jà kí ẹrú lè máa jẹ́ ẹrú títí. Ẹni tí a ti so ẹ̀wọ̀n mọ́ lọ́rùn rí sì di bíṣọ́ọ̀bù.

Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyí: àwọn ọ̀gágun tí wọ́n jà ní ìhà ìmúnilẹ́rú, ó ha tọ́ kí a máa bu ọlá fún wọn bí? Ní Amẹ́ríkà, a kọ́ ère fún wọn, a fi orúkọ wọn pe ilé ẹ̀kọ́ àti òpópó, a tilẹ̀ ya àwòrán wọn sára fèrèsé ilé Ọlọ́run. Ní ọdún 1941 a fi orúkọ Polk pe ibùdó àwọn ọmọ ogun kan ní Louisiana. Ní ọdún 2023 a pa orúkọ náà dà. Ní ọdún 2025 a tún dá a padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba wí pé Polk mìíràn ni àwọn ń pè báyìí. Nítorí náà àríyànjiyàn náà kò tí ì tán.

Ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè ni èyí. Ní ọdún 1860, nígbà tí òfin ti ka kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà léèwọ̀ láti ọdún 1808, ọkọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Clotilda yọ́ wọ Mobile ní Alabama pẹ̀lú nǹkan bí 110 ènìyàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa, tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó. Ọ̀kan nínú wọn ni Kossola, tí àwọn ará ibẹ̀ pè ní Cudjo Lewis, láti agbègbè Bantè. Ó sìn bí ẹrú títí di oṣù Kẹrin ọdún 1865, nígbà tí àwọn ọmọ ogun àríwá dé tí wọ́n sì sọ fún un pé ó ti di òmìnira. Ó kú ní ọdún 1935. Bí Polk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti ṣẹ́gun ni, inú oko ẹrú ni Kossola ìbá kú sí.

I. Kí ni ogun náà dá lé lórí?

Ní ọdún 1860 àwọn ẹrú tí ó wà ní Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000,000. Nígbà tí a yan Abraham Lincoln sí ipò Ààrẹ, àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi di mọ́kànlá. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1861. Àwọn kan ń wí pé ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ wọn ni wọ́n jà fún, pé kì í ṣe nítorí ẹrú. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ náà lẹ́nu ẹlẹ́jọ́. Nínú ìwé tí ìpínlẹ̀ Mississippi fi ṣàlàyé ìyapa rẹ̀, ó jẹ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹrú ni òun so ara òun mọ́. Alexander Stephens, igbákejì Ààrẹ wọn, sì kéde ní Savannah ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1861 pé òkúta igun ilé ìjọba titun náà ni pé ènìyàn dúdú kò bá ènìyàn funfun dọ́gba, àti pé ipò ẹrú ni ó tọ́ sí i. Àwọn baba wa kò ka ìwé, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ.

II. “Akínkanjú ni, olùfọkànsìn sì ni”

Èyí ni àwíjàre kìíní. A kò sì ní purọ́ mọ́ òkú. Robert E. Lee, olórí ogun wọn ní Virginia, mọ ogun jà. Ọmọ ìjọ tí kì í fi ìsìn ṣeré ni, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ ní Lexington lẹ́yìn ogun. Thomas Jackson, ọ̀gágun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kọ́ àwọn ènìyàn dúdú ní ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní ìlú kan náà. Lee tilẹ̀ kọ̀wé sí aya rẹ̀ ní ọdún 1856 pé ohun búburú ni ìmúnilẹ́rú.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣe? Nígbà tí baba aya rẹ̀ kú ní ọdún 1857, ìwé ìhágún rẹ̀ wí pé kí a dá àwọn ẹrú rẹ̀ sílẹ̀ kí ọdún márùn-ún tó pé, Lee ni a sì fi ṣe alábòójútó. Ní ọdún 1859 mẹ́ta nínú wọn sá lọ. A mú wọn padà. Wesley Norris, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, jẹ́rìí ní ọdún 1866 pé Lee dúró tì wọ́n nígbà tí a ń nà wọ́n, ó sì pàṣẹ kí a fi omi iyọ̀ wẹ ẹ̀yìn wọn tí pàṣán ti bó. Ìparí ọdún 1862 ni ó tó fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ gbogbo wọn. Nígbà tí ogun rẹ̀ wọ Pennsylvania ní ọdún 1863, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ mú àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n jẹ́ òmìnira, wọ́n sì kó wọn lọ sí gúúsù.

Ẹ kíyèsí i, ará: ìgboyà dà bí ọkọ̀ ojú omi. Kí a tó yìn ín, ẹ jẹ́ kí a bi í pé ẹrù wo ni ó kó. Ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú pẹ̀lú ní láti láyà lójú ìgbì òkun, ó sì lè máa gbàdúrà ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ nígbà tí àwọn ènìyàn ń kérora nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé ohun kan burú, tí ó sì fi ọgbọ́n àti agbára rẹ̀ gbogbo gbèjà rẹ̀, ìmọ̀ rẹ̀ kò dá a láre. Òun gan-an ni yóò dá a lẹ́bi.

III. “Àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó tẹ̀lé, bí ayé ìgbà náà ti rí nìyẹn”

Àwíjàre kejì nìyí. Ṣùgbọ́n ọmọ Virginia ni George Henry Thomas pẹ̀lú, bí Lee; inú ilé tí a ti ń lo ẹrú ni a bí i sí; ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni, bí Lee. Nígbà tí Virginia yapa, Lee fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ bá wọn; Thomas dúró ti ìbúra rẹ̀, ó sì jà ní ìhà àríwá títí ogun fi parí. Ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú wọn. Olúkúlùkù sì yan tirẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, nígbà tí a bá ń sọ pé “bí ayé ìgbà náà ti rí”, ayé ta ni à ń sọ? Àwọn ẹrú tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000,000, wọn kò ha jẹ́ ará ìgbà náà bí? Àwọn mọ̀ pé ìmúnilẹ́rú burú. Nǹkan bí 180,000 ọkùnrin dúdú ni ó sì wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun àríwá, tí wọ́n fi ẹ̀mí wọn sọ ohun tí wọ́n rò nípa ayé ìgbà wọn.

IV. “Bí a bá gbé ère kúrò, a pa ìtàn rẹ́”

Àwíjàre kẹta yìí ni ó máa ń dẹ́kun ọ̀pọ̀ olóòótọ́ ènìyàn. Nínú Jóṣúà orí kẹrin, a to òkúta mẹ́jìlá jọ kí àwọn ọmọ lè bèèrè ìtumọ̀ wọn, kí àwọn baba sì lè sọ òtítọ́ fún wọn. Kí ni àwọn ère wọ̀nyí ń sọ fún ọmọ tí ó bá bèèrè? A ṣí ère ńlá Lee ní Richmond ní ọdún 1890, ọdún 25 lẹ́yìn tí ó ti túúbá. Ní ọdún 1902 Virginia ṣe òfin titun tí ó gba ìbò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn dúdú tí ó pọ̀ jùlọ níbẹ̀. Ní ọdún 1924 a ṣí ère Lee mìíràn ní Charlottesville. Ìgbà tí a ń tẹ ọmọ àwọn ẹrú mọ́lẹ̀ padà ni a ń gbé àwọn ọ̀gágun náà ga.

Ẹ wo James Longstreet pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun tí ó ga jùlọ lábẹ́ Lee ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun ó gbà pé a ti ṣẹ́gun àwọn, ó fara mọ́ ọn pé kí ènìyàn dúdú máa dìbò, àti ní ọdún 1874, ní New Orleans, ó ṣáájú àwọn ọmọ ogun tí ènìyàn dúdú wà nínú wọn láti dojú kọ àwọn funfun tí wọ́n fẹ́ fi ipá gba ìjọba. Ọdún 1998 ni ó tó ní ère ní Gettysburg. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí akin ojú ogun nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ ère, kí ló dé tí wọ́n fi gbàgbé Longstreet? Lee fúnra rẹ̀ sì kọ̀wé ní ọdún 1869 pé ó sàn kí a má ṣe máa ṣí ojú ọgbẹ́ ogun sílẹ̀.

Ìrántí yàtọ̀ sí ọlá. Bíbélì kò pa ìtàn Fáráò rẹ́. Gbogbo ọmọ wa mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó gbé ère Fáráò sínú tẹ́ńpìlì. Ibi tí ìtàn ń gbé ni ìwé, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Orí ọwọ̀n gíga ní àárín ìlú jẹ́ ibi ọlá.

V. Ohun tí a ṣe nínú ilé Ọlọ́run

Ní ọdún 1953 a fi fèrèsé aláwọ̀ mèremère méjì sínú Kàtídírà ńlá ti ìjọ wa ní Washington, fún ìrántí Lee àti Jackson. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2015, ọ̀dọ́mọkùnrin funfun kan tí ó fẹ́ràn àsíá àwọn ará gúúsù wọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ènìyàn dúdú ní Charleston, ó sì pa ènìyàn mẹ́sàn-án tí wọ́n péjọ láti kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì. Nígbà náà ni Díìnì Kàtídírà náà wí pé kí a yọ àwọn fèrèsé wọ̀nyí. A kò fi ìkánjú ṣe é: ọdún méjì ni a fi jíròrò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 a yọ wọ́n, a sì tọ́jú wọn pamọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 a ya titun sí mímọ́ ní ipò wọn, tí ó fi àwọn ènìyàn dúdú tí ń rìn lójú ọ̀nà ìdájọ́ òdodo hàn. Ní ọdún 2017 kan náà, ìjọ Lexington tí ń jẹ́ orúkọ Lee láti ọdún 1903 padà sí orúkọ rẹ̀ àtijọ́.

Hesekáyà ti ṣe irú èyí rí. Mósè ni ó rọ ejò idẹ náà, nípa àṣẹ Ọlọ́run, ó sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ là. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ènìyàn ń sun tùràrí sí i, ọba fọ́ ọ túútúú. Bí ohun tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀ rere bẹ́ẹ̀ bá lè di ohun tí a mú kúrò, mélòó mélòó ni èyí tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò dára?

VI. Ilé tiwa ńkọ́?

Òṣùwọ̀n méjì jẹ́ ìríra lójú Olúwa. Nínú àwọn tí ó kó Òṣóògùn ní ọdún 1821, àwọn ará Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, tí wọ́n ń sọ èdè kan náà pẹ̀lú ìyá Àjàyí. Nínú àwọn ogun wa ní ọ̀rúndún náà, ọ̀pọ̀ balógun ni ó di olówó nípa títa àwọn tí wọ́n kó. À ń ki wọ́n ní oríkì títí di òní. Ojúde kan ní Èkó ń jẹ́ orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú. Ó ṣòwò ẹrú. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ran Abẹ́òkúta lọ́wọ́ nígbà tí Dahomey fẹ́ pa á run. Ẹni tí ó bá sọ apá kan fún ọmọ rẹ̀ tí ó sì fi èkejì pamọ́ kò tíì kọ́ ọmọ náà ní ìtàn.

Nítorí náà, kí a tó bu ọlá fún ẹnikẹ́ni nínú wọn, níbí tàbí lókè òkun, ẹ jẹ́ kí a bèèrè ohun mẹ́ta. Èkíní: kí ni iṣẹ́ gan-an tí a fi ń rántí rẹ̀? Bí ó bá ti dáàbò bo ìlú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́, kí a sì sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé jíjà fún ìmúnilẹ́rú ni òkìkí rẹ̀, kò sí ohun tí ó kù láti fi dé e ládé. Èkejì: àwọn tí ó gbé e ga, kí ni wọ́n fẹ́ kí aráyé gbàgbọ́? Ẹ̀kẹta: ọmọ ẹni tí ó tà, bí ó bá ń kọjá níwájú ère náà, ọ̀rọ̀ wo ni ère náà ń bá a sọ?

Ìdájọ́ ọkàn Lee àti ti Polk kò sí lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó rí gbogbo ọkàn ni ó ni í. A lè gbàdúrà fún àwọn ọmọ wọn, kí a sì sin òkú wọn pẹ̀lú ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kọ́ wa pé kí a fi ọlá fún ẹni tí ọlá tọ́ sí. Gbèsè ni ọlá jẹ́. Ẹni tí ó bá san án fún ẹni tí kò jẹ ẹ́, ó ti mú un kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ìran Kossola ṣì ń dúró de tiwọn.

Àwọn ìbéèrè fún kíláàsì

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin òkúta Jóṣúà àti ọwọ̀n tí Ábúsálómù gbé kalẹ̀ fún ara rẹ̀ (Sámúẹ́lì Kejì 18:18)?
2. Kí ló dé tí Bíbélì kò fi ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì pamọ́ fún wa?
3. Orúkọ ta ni a fi pe òpópó tàbí ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú yín? Kí ni ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀?
4. Ta ni ẹ mọ̀ nínú ìtàn tí ó dá ẹrú sílẹ̀, tí a kò sì tíì bu ọlá fún?