Orin Látinú Fóònù Rẹ: Ṣe àti Má Ṣe

Ẹni tí kò fọwọ́ kan dùùrù rí lè jókòó ti fóònù rẹ̀ lónìí, kí ó ṣe orin tí wọn yóò jó sí níbi ìkómọ. GarageBand ti ilé iṣẹ́ Apple, tó jáde ní 2004, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí iPhone. BandLab, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Singapore, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Android. Irinṣẹ́ ti dé ọwọ́ wa. Bí a ó ṣe lò ó ló kù.

Ṣe: Mọ ẹni tí o ń ṣe orin náà fún kí o tó tẹ ohunkóhun. "Mo fẹ́ ṣe orin" kò tíì tó. "Orin tí Màmá yóò jó sí lọ́jọ́ tí wọ́n bá pé àádọ́rin ọdún" ni yóò sọ fún ọ bóyá kí ìlù yá tàbí kí ó rọra.

Má ṣe: Má kó loop jọ rẹpẹtẹ. Loop ni ègé ìlù tàbí ohùn tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, tó ń tún ara rẹ̀ lù. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó. Kò sí ìtìjú nínú lílò ó: ìlù inú "Umbrella" tí Rihanna kọ ní 2007, loop GarageBand ni, "Vintage Funk Kit 03", tó wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ní GarageBand nígbà náà. Ohun tí wọ́n gbé lé e lórí ló sọ ọ́ di tiwọn.

Ṣe: Gba ìró ilé rẹ sílẹ̀. Ibí yìí ni ọkàn mi wà jù. Nígbà tí mo ń ṣe orin fún ìyá mi, mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ odó nígbà tí wọ́n ń gúnyán. Mo gé ìró ọmọ odó kan ṣoṣo jáde, mo fi rọ́pò ìlù ńlá inú ètò tí mo fi ń ṣe orin náà. Mo fi ìró ṣíbí lára ife kún un, mo sì fi ẹ̀rín àwọn ọmọ-ọmọ wọn sí i. Lọ́jọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn, orin náà kò tíì dé ibi tí mo ti pe orúkọ wọn tí wọ́n fi ní, "Odó mi nìyẹn!" Kò sí loop tó lè ṣe èyí.

Má ṣe: Má jẹ́ kí àpótí 16 pàṣẹ fún ọ. FL Studio, ètò mìíràn tí a fi ń ṣe orin, tó bẹ̀rẹ̀ ní Belgium ní 1997 pẹ̀lú orúkọ FruityLoops, máa ń to àpótí kéékèèké 16 sórí ìlà kan. Èyí tí o bá tẹ̀, ìlù á dún níbẹ̀. Ó bá hip-hop mu. Ṣùgbọ́n kónkóló tí agogo wa ń lù, ìṣísẹ̀ 12 ló ní. Dín àpótí kù sí 12, kí o tẹ 1, 3, 5, 8 àti 10, kí o jẹ́ kí ó máa yí po. Ẹsẹ̀ rẹ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ṣe: Tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Bí o bá máa kọrin ní Yorùbá, kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, kí o gbọ́ dò, re, mí inú rẹ̀. "Ọkọ mi" tí ohùn rẹ̀ bá gòkè ní sílébù kejì ti di "ọkọ́ mi": ìyàwó ń yin ọkọ, àwọn àlejò ń gbọ́ ọkọ́ tí a fi ń roko.

Má ṣe: Má fa AutoPitch, irinṣẹ́ inú BandLab tó ń tún ohùn orin ṣe, dé òpin. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò máa fi tipátipá gbé ohùn rẹ sórí nótì tó sún mọ́ ọn, adùn ibi tí ohùn ti ń yọ́ gòkè á sì pòórá.

Má ṣe: Má ta loop ní òun nìkan. Apple gbà kí o lo tiwọn nínú orin tí o ń tà. Kò gbà kí o ta ègé náà lásán. Má sì gé orin olórin mìíràn wọlé láìgbàṣẹ.

Ṣe: Pe àwọn ọmọdé sí i. Song Maker ti Google, tó jáde ní 2018, kò béèrè orúkọ tàbí owó. Àpótí aláwọ̀ mèremère ni, wọn yóò tẹ̀ ẹ́.

Ṣe: Gbọ́ orin náà lára ohun tí ẹni tó ni ín yóò fi gbọ́ ọ, kì í ṣe nínú earpiece tìrẹ nìkan. Fóònù kékeré kì í gbé ìlù tó rẹlẹ̀ jáde. Bí odó bá sọnù níbẹ̀, gbé ìró ṣíbí ga díẹ̀.